Láfún Orí Àpáta àti Fọ́ọ̀mù Sikọ́láṣíìpù

Ẹ kú ojúlọ́nà, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lóṣù yìí, lẹ́tà lórí sikọ́láṣíìpù pọ̀ ju ti tọkọtaya lọ, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ní kí n máa dáhùn ìbéèrè níbí. Ó yé mi. Owó iléèwé ń gòkè, àwọn òbí ń wojú Ọlọ́run. Mo mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà. Bí ẹ ò bá rí tiyín, ẹ tún un wò, ó lè wà nínú ti ẹlòmíì.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní 300 level ní FUNAAB, Computer Science ni mò ń kà, CGPA mi jẹ́ 3.62. Bíríkìlà ni bàbá mi ní Lafẹ́nwá. Owó yàrá ní Camp nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán wọn lókun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó bá mọ ènìyàn ńlá ló ń rí sikọ́láṣíìpù, pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Bíríkìlà, Camp

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń tàn ọ́. Mi ò ní sọ pé kò sí ojúsàájú ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ọ́fíìsì kankan rí. Ṣùgbọ́n ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni.

Ibi tí o wà yìí gan-an ni wọ́n ti ń wá ènìyàn. MTN Foundation ní sikọ́láṣíìpù fún àwọn tó ń ka sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní iléèwé gíga ti ìjọba: 300 level ni wọ́n ń mú, CGPA kò sì gbọdọ̀ dín ní 3.5. Ìwọ ní 3.62. Tí o bá jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ títí o fi wọ 400 level, ilẹ̀kùn yẹn ti tì, bí CGPA rẹ tilẹ̀ di 4.8. Wọ́n tún ní ọ̀tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ̀. Bí ẹnìkan bá wà ní ẹ̀ka yín tó ń fi ọ̀pá rìn, sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ilé iṣẹ́ epo tó ń bá NNPC ṣe pọ̀, bíi TotalEnergies, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n sábà máa ń wá. Ìyẹn ti kọjá lórí rẹ, àmọ́ tí o bá ní àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbaniwọlé, kó má jẹ̀ẹ́ kó kọjá lórí tirẹ̀.

Ó ku NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, mo sì fẹ́ ká yanjú rẹ̀ dáadáa, torí mo ń gbọ́ tí àwọn òbí ń pè é ní sikọ́láṣíìpù. Gbèsè ni. Kò ní èlé, wọn ò sì béèrè onídùúró mọ́ látìgbà tí Ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin tuntun rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù April 2024, ṣùgbọ́n gbèsè ṣì ni. Owó iléèwé ń lọ tààrà sí iléèwé, kò gba ọwọ́ rẹ kọjá. Èyí tó ń bọ́ sí ọwọ́ rẹ ni 20,000 náírà lóṣù fún jíjẹ àti mímu, tó o bá béèrè fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá sin ìlú tán ni sísan rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ. Ẹni tó ń gba 150,000 á máa rí 135,000. Bí bàbá rẹ bá ti ń ronú àtilọ yá owó sogúndogójì nítorí owó iléèwé, kó jìnnà sí wọn, kí o gba ti NELFUND. Tí wọ́n bá lè rí owó iléèwé san láìjẹ gbèsè, fi ti ìjọba sílẹ̀. Tèmi nìyẹn o.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró lórí ìkànnì wọn kì í ṣe òfin. Orúkọ ni. WAEC ní Oluwaseun, NIN ní Seun, báńkì fi orúkọ ìyá kún un. Kó gbogbo ìwé rẹ sílẹ̀ lórí tábìlì lálẹ́ òní, kí o máa ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí orí wọn sókè bí ẹni ń pe rẹ́jísítà. Èyí tí kò bá bára mu, àtúnṣe rẹ̀ lè gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́ọ̀mù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Ọmọ mi ọkùnrin gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí WhatsApp pé ó ti jẹ sikọ́láṣíìpù lọ sí Kánádà, pé kó san 35,000 fún ètò ìwé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Mo ti fún un ní 10,000 kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ọkàn mi kò balẹ̀. — Ìyá Oníàdìrẹ

Màmá, ẹ kúuṣẹ́ ọmọ. Ẹ má san èyí tó kù. Kí ẹ mú ọmọ náà dání lónìí lọ sí báńkì tó ti fowó ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àkántì tí wọ́n fún un, kí ẹ ní jìbìtì ni. Mi ò lè ṣèlérí pé owó yín á padà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe tètè dé ibẹ̀ tó ló dáa tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìgbà wo ló kọ fọ́ọ̀mù wọn? Bí kò bá kọ fọ́ọ̀mù kankan, báwo ló ṣe jẹ ẹ́?

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá ayédèrú mọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti òkè òkun, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ, lójú lásán ó ń dán ju ti yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yí i sódì: ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, aró kò dé ibẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín yí lẹ́tà yẹn sódì bẹ́ẹ̀. Kó wo ibi tí wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ṣé àdírẹ́sì iléèwé ni, àbí Gmail lásán? Ṣé àkántì ilé iṣẹ́ ni, àbí orúkọ ẹnìkan? Kó lọ sí ìkànnì iléèwé náà fúnra rẹ̀, kó má gba inú líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kọjá.

Àwọn sikọ́láṣíìpù ńlá-ńlá kì í gba kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Chevening, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe láti 1983, kò gba owó fọ́ọ̀mù. Kí n má ṣì yín lọ́nà ṣá o: àwọn fáṣítì kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń gba owó fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé, owó físà náà sì wà. Ṣùgbọ́n orí ìkànnì iléèwé tàbí ti ìjọba ni wọ́n ti ń san ìwọ̀nyẹn. Kì í ṣe sínú àkántì ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà lórí WhatsApp.

Ẹ má nà án o, Màmá. Àwọn tó gbọ́n jù ú lọ ti kó sí i.

Mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù fellowship, wọ́n ní "ìjọ wo?" Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ òun àti sikọ́láṣíìpù, kí n lè ṣàlàyé fún wọn? — T., Ọbáńtokò

Mo rẹ́rìn-ín. Sikọ́láṣíìpù ń san owó kí o lè jókòó ní kíláàsì, kí o gba sátífíkéètì. Fẹ́lóṣíìpù sábà máa ń san owó kí o lè ṣe iṣẹ́ kan: ìwádìí, ìwé kíkọ, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ mélòó kan. Sọ èyí fún màmá rẹ: Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ìlú wa, lọ ka ìwé ní Leeds ní 1954. Nígbà tó padà sílé ní 1960, fẹ́lóṣíìpù Rockefeller ló gbé e wá, láti máa wá inú eré ìbílẹ̀ wa. Kò wọ kíláàsì kankan nítorí rẹ̀. Ó ra Land Rover, ó sì ń kiri. Ká sòótọ́, ààlà àárín méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, àwọn kan ń fi orúkọ kan pe èkejì. Ohun tí wọ́n bá ní kí o ṣe ni kí o wò, kì í ṣe orúkọ.

Àǹtí wa, àgùnbánirọ̀ ni mí ní Ìpínlẹ̀ Benue, ọmọ Abẹ́òkúta. Ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ni mo kà, Second Class Lower ni mo gbà, 3.31. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù méjì lọ sí òkè òkun, wọ́n kọ̀ méjèèjì. Mo fi àròkọ mi kún un kí ẹ bá mi wò ó. Ṣé ọ̀nà ti dí ni? — Ọmọ Ẹ̀gbá ní Benue

Àbúrò, ọ̀nà kò dí. Ó jìn ni. Àwọn sikọ́láṣíìpù Commonwealth, tó ti wà láti 1959, sọ ọ́ síta: ẹni tó bá ní Lower ní láti ti ní ìwé ẹ̀rí gíga mìíràn, Master's ló sábà máa ń jẹ́, tó bá ohun tó fẹ́ kà mu. Chevening kò dárúkọ kíláàsì kan pàtó bíi òfin; ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni dígírì tó lè mú fáṣítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà ọ́ fún Master's ọlọ́dún kan. Upper ni ọ̀pọ̀ ń béèrè, àwọn kan ń gba Lower pẹ̀lú ìrírí iṣẹ́. Ìrírí iṣẹ́ ni kókó: wákàtí 2,800 ni Chevening fẹ́, tó jẹ́ bí ọdún méjì. August ni wọ́n sábà máa ń ṣí i, kì í kọjá ìbẹ̀rẹ̀ November kí wọ́n tó tì í. Tí o bá kà á tán, o gbọ́dọ̀ padà wá sílé fún ọdún méjì, nítorí náà bí ohun tó wà lọ́kàn rẹ bá ni pé kí o lọ má bọ̀, má fi àkókò wọn ṣòfò. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tí èsì rẹ̀ ga ju tìrẹ lọ, kó wo Ìbàdàn kó tó wo London: Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní ẹ̀ka Pan African University kan níbẹ̀, PAULESI, tó ń gba àwọn Master's àti PhD lọ́fẹ̀ẹ́, ìmọ̀ irúgbìn sì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́.

Wọ́n á tún sọ fún ọ pé ọ̀fẹ́ ni ìwé ní Jámánì. Mo ti gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì. Lóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ fáṣítì ìjọba wọn kì í gba owó iléèwé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún ẹni tí kò ní sikọ́láṣíìpù ní físà, wọ́n á fẹ́ rí owó tí yóò fi jẹun fún ọdún àkọ́kọ́ nínú àkántì kan tí wọ́n ti dè, 11,904 yúrò. Ẹni tó bá ní ìyẹn nílẹ̀ kò ní kọ lẹ́tà sí mi.

Ká wá sí àròkọ rẹ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀, tí mo bá sọ ọ́ sí Yorùbá, ni pé láti kékeré ni o ti ní ìfẹ́ gidigidi sí iṣẹ́ àgbẹ̀, o sì fẹ́ mú àyípadà bá ilẹ̀ Áfíríkà. Èmi náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2009. Wọ́n kọ̀ mí. Mo tún un kọ ní 2010, mo fi òyìnbó tó le sí i. Wọ́n tún kọ̀ mí.

Ìsàlẹ̀ Olúmọ ni ilé wa wà. Láfún ni màmá mi ń ṣe tà. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi bí ọjọ́ mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á wá lọ sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, torí àpáta máa ń gbóná ju ilẹ̀ lọ. Bí òjò bá ṣú, èmi ni wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Mo ní ìwé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti lo ìdajì rẹ̀ fún ìṣirò. Ìdajì yòókù ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, torí wọn ò mọ̀ ọ́n kọ: agbọ̀n mélòó ni wọ́n sá lọ́sẹ̀ yìí, mélòó ló gbẹ dáadáa, mélòó ló bu. Ní July, oṣù òjò, nínú agbọ̀n mẹ́wàá, mẹ́ta lè bu, kí ó ní àmì dúdú-dúdú, kí ó máa rùn. Olóúnjẹ adìyẹ nìkan ló ń ra ìyẹn, iye tó bá sì wù ú ló ń san.

Ní 2011, ọ̀rọ̀ ti sú mi. Mo kọ àpáta yẹn sílẹ̀. Mo kọ agbọ̀n mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Mo kọ pé mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ oúnjẹ láìfi oòrùn ṣe, kí n lè mọ èyí tí obìnrin tó ń ta láfún lè fi owó ara rẹ̀ ra. Kò sí "ìfẹ́ gidigidi" níbì kankan nínú rẹ̀. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé: mẹ́ta nínú mẹ́wàá, báwo lo ṣe mọ̀? Mo fa ìwé ẹ̀kọ́ náà yọ nínú báàgì. Ìyẹ̀fun láfún ṣì wà lára ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń wò ó, n kò sì dáhùn ìbéèrè púpọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nínú lẹ́tà rẹ, kì í ṣe nínú àròkọ, o sọ fún mi pé ní abúlé tí wọ́n gbé ọ lọ ní Benue, iṣu ń jẹrà nínú abà, o sì ti ń bá baálé kan ka iye tó ń bàjẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lo sọ ìyẹn fún? Kí o tó kúrò níbẹ̀, ra ìwé ẹ̀kọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ tí mo fẹ́ kó kọ ìwé ìjẹ́rìí fún mi ní kí n lọ kọ ọ́ wá, òun á buwọ́ lù ú. Ṣé kí n kọ ọ́? Mo tún nílò transcript, ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo èsì mi, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù. — Ọmọ MAPOLY tó ti jáde

Má kọ ọ́. Ìwọ ò lè yin ara rẹ kó má hàn. Ohun tó yẹ kí o ṣe ni kí o lọ bá wọn pẹ̀lú bébà kan ṣoṣo: kọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ọ, iye tí o gbà níbẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí tí o ṣe lábẹ́ wọn, ohun tí o fẹ́ lọ kà, ọjọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù, kí o fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò gbàgbé rẹ nítorí ìkà, akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún mélòó ló kọjá lọ́wọ́ wọn. Lọ fúnra rẹ, kí wọn dáadáa kí o tó sọ ohun tó gbé ọ wá. Èwo ni kí ènìyàn máa fi "Good morning sir, any update?" ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tó tó bàbá rẹ̀ bí! Àwọn sikọ́láṣíìpù púpọ̀ ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí olùkọ́ náà tààrà, inú spam ló sì máa ń bọ́ sí. Tí o bá ti tẹ orúkọ wọn sí i, pè wọ́n lọ́jọ́ náà, kí o bá wọn wá a jáde.

Ti transcript dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní 2010, ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n kọ̀ mí, àròkọ nìkan kọ́ ló pa mí. Iléèwé tí mo ti jáde, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo lọ. Akọ̀wé náà kò wá síṣẹ́. Mo tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní fáìlì mi kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ìgbà kẹrin tí mo lọ, abẹ́ ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni wọ́n ti fà á yọ, wọ́n fi tì í kó má baà mì. Transcript jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ọ̀mù náà. Mo sunkún nínú mọ́tò délé.

Ní 2011, January ni mo ti lọ béèrè, kí n tó mọ sikọ́láṣíìpù tí mo fẹ́ lò ó fún pàápàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ní yìí, lọ sí iléèwé láàárọ̀ ọ̀la, má rán ẹnikẹ́ni. Ka ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù náà dáadáa: àwọn kan gba ẹ̀dà tí iléèwé fún ọ ná, wọn kì í béèrè ojúlówó àfi tí wọ́n bá mú ọ. Tí èyí bá bọ́, béèrè fún transcript náà síbẹ̀síbẹ̀, kí ó wà nílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀. Ìwé ìrìnnà náà ńkọ́? Láti September 2025, ọlọ́dún márùn-ún ti di 100,000 náírà, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ rẹ̀ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ bá mi kọ àròkọ mi. Màá san 50,000. — Ẹni tó lówó, Òkè-Mósàn

Rárá. Ìwọ kọ ọ́, kó burú bó bá ṣe burú tó. Mo máa ń jókòó ka ti àwọn ọmọ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ará ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yìí á júwe ibẹ̀ fún ọ. Tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kí àlàfo wà láàárín ìlà, kí o sì mú bírò pupa dání. Tèmi ti tán sórí ti àwọn tó wá lóṣù tó kọjá.